Omi Àdúrà Inú Ìgò Láàbù

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ẹnu ara mi bú ara mi: èmi ìyá àgbà tí ìdí rẹ̀ ń gba àga méjì, orí mi kò gba ọgbọ́n ẹyọ kan lọ́jọ́ náà.

Jẹjẹrẹ mú Ọlátúndé ọmọ mi ní ihò ìdí. Kí a tó mọ̀, oṣù mẹ́ta ni mo fi ń po àgbo jẹ̀díjẹ̀dí fún un, tí mo ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé tíì olóṣúgà tó ń mu ní ọ́fíìsì ìjọba ló ń bá a jà. Ọjọ́ Jímọ̀ kan lọ́dún 2016 yìí, Dókítà Láníyì gé díẹ̀ lára kókó tó wà níbẹ̀ sínú ìgò, ó ní kí n gbé e lọ sí láàbù. Ó ní àmì kan wà nínú ẹran ara yẹn tí yóò sọ bóyá iná ẹ̀rọ àti oògùn lè kápá kókó náà, tàbí ó yẹ kí àwọn tètè fi abẹ gé e kúrò.

Láàbù ti tì kí n tó débẹ̀. Mo gbé ìgò relé ní àdúgbò Karmo. Mo ṣí i wò, omi inú rẹ̀ ta mí nímú bí ata. Mo ní ẹran ara ọmọ mi kò ní sùn nínú májèlé. Mo da omi náà sí gọ́tà, mo rọ omi àdúrà ṣọ́ọ̀ṣì wa sí i, mo gbé e sójú fèrèsé, mo tún kọrin fún un. Àgbàlagbà, mò ń rẹ ẹran lẹ́kún!

Ní Mọ́ńdè, ọmọbìnrin tó wà ní láàbù ṣí ìgò, ó yára fọwọ́ dí imú.

"Màámá, ta ló fọwọ́ kan omi inú èyí?"

"Kò sẹ́ni kankan."

Ó ní omi tí kì í jẹ́ kí ẹran jẹrà kò sí nínú rẹ̀ mọ́, ó ti jẹrà, kò sí ohun tí àwọn lè rí níbẹ̀. Mo délé, mo ní àwọn ará láàbù ló bà á jẹ́.

Dókítà fẹ́ gé òmíràn. Ọlátúndé kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni kò ní ti irin bọ òun nídìí mọ́, kí àwọn aláìbìkítà yẹn má tún lọ bà á jẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ẹnu mi ì bá yí i lọ́kàn padà. Mo gbé e mì. Dókítà kò lè dúró mọ́, ló bá bẹ̀rẹ̀ iná àti oògùn láìmọ̀ bóyá wọn yóò ṣiṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kókó náà kò tilẹ̀ mira. Ó gba inú ẹ̀dọ̀ lọ. Dókítà sọ fún mi pé ká ní àmì yẹn wà lọ́wọ́ òun ni, abẹ ni òun ì bá kọ́kọ́ lò. Ní báyìí, abẹ kò ká a mọ́.

Láàárọ̀ yìí, mò ń nu ìdí rẹ̀ bí mo ṣe ń nù ún nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Mo ní ìdí ti tán lára rẹ̀, kó wá yá díẹ̀ lára tèmi. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó wá di ọwọ́ mi mú.

"Màámi, ẹ̀yin lẹ gbé ìgò yẹn wálé lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ yín títí di Mọ́ńdè. Ta ló wá bà á jẹ́?"