Ẹ̀rọ Tó Ń Wọn Bọ́ọ̀lù Nílé Adédìpẹ̀

Ọgbọ̀n ọdún ni Adédìpẹ̀ fi ṣiṣẹ́ awọnlẹ̀ n'Íbàdàn, kò sì sí ọ̀sẹ̀ kan nínú rẹ̀ tí kò sọ fún ẹnì kan pé bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù òun máa ń lọ tó igba yáàdì ó lé ogún. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, tó padà sí Ìwó, kò rí pápá gọ́ọ̀fù kankan níbẹ̀. Ilé adìyẹ tí adìyẹ ti kú tán nínú rẹ̀ ló rí. Ìyẹn náà ló lò.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Olúwabùnmi, ló fi ẹ̀rọ kékeré kan ránṣẹ́ sí i láti Kánádà. Ẹ̀rọ náà kò tóbi ju agolo sàdíìnì lọ, kò sì wọ́n. Ẹ̀yìn bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbé e sí. Tí èèyàn bá gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n, ẹ̀rọ á wo bó ṣe yára tó, á sì sọ lórí fóònù ibi tí ìbá balẹ̀ sí ká ní àwọ̀n kò dá a dúró. Adédìpẹ̀ kọ́kọ́ ta àwọ̀n ẹ̀fọn tí ìjọba pín. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ já a, ó sì lọ lu dúrọ́ọ̀mù omi aládùúgbò. Ó bẹ aládùúgbò, ó sì lọ ra àwọ̀n apẹja.

Bọ́ọ̀lù kejì ni ẹ̀rọ kà. Yáàdì mẹ́rìnlélọ́gọ́fà.

Adédìpẹ̀ nu ojú fóònù. Ó gbá òmíràn. Ọgọ́fà ó lé ẹyọ kan.

"Ẹ̀rọ yìí ti bàjẹ́ lójú ọ̀nà," ó sọ fún ìyàwó rẹ̀, Adùnọlá.

Aṣọ ni Adùnọlá ń tà lọ́jà Odò-Ọ̀rì, kò sí ohun tí wọ́n lè sọ fún un nípa yáàdì. Ó ṣírò rẹ̀ díẹ̀. "Yáàdì mẹ́rìnlélọ́gọ́fà," ó ní. "Ankara ogún èèyàn ni, á tún ṣẹ́kù. Kò kéré o, Bàbá Bùnmi."

Lọ́jọ́ kejì, Adédìpẹ̀ gbé ẹ̀rọ, igi gọ́ọ̀fù àti téèpù tó fi ń wọnlẹ̀ lọ sí pápá ilé-ìwé kan lọ́nà Kuta. Ó gbá bọ́ọ̀lù kan ní gbangba, ó sì fi téèpù wọ̀n ọ́n dé ibi tó balẹ̀. Ẹ̀rọ sọ ọgọ́fà ó lé méjì. Téèpù sọ ọgọ́fà ó lé mẹ́ta. Ó tún un wọ̀n láti òdìkejì. Ẹni tó fi ìwọ̀n jẹun láyé kò lè bá ìwọ̀n jà. Ó ká téèpù, ó wá sílé.

Ó ní ọ̀rẹ́ kan n'Íbàdàn, Hussain, tí wọ́n jọ ń gbá gọ́ọ̀fù látijọ́. Hussain náà ra irú ẹ̀rọ yẹn. Wọ́n wá fi àdéhùn sí i pé láràárọ̀ Sátidé, kí kálukú gbá bọ́ọ̀lù mẹ́wàá, kó ya àwòrán èyí tó lọ jìnnà jù, kó fi ránṣẹ́. Sátidé àkọ́kọ́, Hussain fi àádọ́sàn-án yáàdì ránṣẹ́. Adédìpẹ̀ fi mẹ́rìndínláàádóje ránṣẹ́, kò sì jẹun àárọ̀.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a lọ fún oṣù kan. Sátidé karùn-ún, èjìká ń ro Adédìpẹ̀. Adùnọlá ní kó wá jẹun, ó bá a níbi tó ti ń fi igi gọ́ọ̀fù tẹ̀lẹ̀ bí ọ̀pá.

"Ẹ jẹ́ kí n gbá ọ̀kan," ó ní.

Ó di ìró rẹ̀ le, ó gbá a. Ọgọ́jọ ó dín méjì.

Àwọn méjèèjì wo fóònù.

"Ṣé ó dáa?" Adùnọlá béèrè.

"Ó mọ níwọ̀n," ni ọkọ rẹ̀ wí. Ó ya àwòrán rẹ̀, ó fi ránṣẹ́. Kò kọ orúkọ ẹni tó gbá a. Hussain náà kò béèrè.

Láti ọjọ́ náà, Adùnọlá ló ń gbá bọ́ọ̀lù Sátidé, kó tó lọ sọ́jà. Nígbà tó yá, ó fi yáàdì mẹ́ta ju Hussain lọ. Ó gbé igi sílẹ̀, ó ní, "Mo fẹ́ rí ọkùnrin tí mò ń bá figa gbága yìí."

Adédìpẹ̀ ṣe àwáwí fún ọ̀sẹ̀ méjì, àwáwí tán. Wọ́n gbéra lọ sí Ìbàdàn. Nígbà tí wọ́n kọjá Lálúpọn, ó ní, "Tí a bá débẹ̀, èmi ni kó o jẹ́ kó sọ̀rọ̀."

Hussain jókòó sí fàráńdà. Kò dìde. Ẹnu rẹ̀ wọ́ sápá kan díẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì wà lórí itan rẹ̀ bí ẹrù tí ẹlòmíràn gbé kalẹ̀ síbẹ̀.

"Ìgbà wo?" Adédìpẹ̀ béèrè.

"Ó ti lé lọ́dún kan. Rọpárọsẹ̀ ni."

"O ò sì sọ fún mi?"

"Kí o lè máa gbé ọsàn wá kí mi? Adédìpẹ̀, gbogbo èèyàn ló ń rọra bá mi sọ̀rọ̀. Ìwọ nìkan ló ṣì ń bínú sí mi."

"Ta ló wá ń gbá bọ́ọ̀lù?"

Hussain pe ọmọ rẹ̀, Ayọ̀nitèmi, tó ń kọ́ni ní eré ìdárayá ní ilé-ìwé girama. Ọmọbìnrin náà jáde, ó kúnlẹ̀ kí wọn. Apá rẹ̀ le bí òpó.

Adédìpẹ̀ ní òun fẹ́ lọ wo táyà ọkọ̀. Ó pẹ́ nídìí táyà náà, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó ṣe é. Nígbà tó padà, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ìyá Bùnmi ló ń gbá tèmi," ó ní.

Hussain yíjú sí Adùnọlá. Adùnọlá kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, sà."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tó ti dára," Adùnọlá fèsì.

Hussain rẹ́rìn-ín. Ìlàjì ẹnu ló fi rín in, nítorí náà ó pẹ́ kó tó tán.

Wọ́n lọ sẹ́yìnkùlé, níbi tí àwọ̀n wà. Ayọ̀nitèmi gbá àádọ́sàn-án ó lé mẹ́fà. Adùnọlá gbá àádọ́sàn-án ó dín ẹyọ kan, ó sì ní bàtà òun ló fà á. Àwọn ọkùnrin méjèèjì ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa dúró, títí Adùnọlá fi ní kí wọ́n dákẹ́.

Lẹ́yìn náà ni Hussain ní, "Ẹ gbé igi kékeré yẹn fún mi."

Adédìpẹ̀ dì í mú níbàdí. Ọwọ́ òsì ni Hussain fi gbá a. Ó tàsé àkọ́kọ́. Ìkejì rọra yí lọ, ẹ̀rọ kò tilẹ̀ kà á. Ìkẹta dún. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

"Kọ ọ́ sílẹ̀," Hussain wí, ó ń mí gúlegúle.

Láti ìgbà náà, orúkọ mẹ́rin ló máa ń wà nínú àwòrán Sátidé. Adédìpẹ̀ ń fi tirẹ̀ ránṣẹ́ bó ṣe rí, ìgbà mìíràn kò tó ọgọ́fà. Ní Sátidé tó kọjá, Hussain kò dúró kí àwòrán dé. Ó pè.

"Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n!"

"Ta ló gbá a?"

"Èmi ni."

"Ta ló dì ọ́ mú?"

"Kò sẹ́ni tó dì mí mú."

Adédìpẹ̀ jókòó lórí búlọ́ọ̀kù. Ó ní kó tún un sọ, kí Ìyá Bùnmi lè gbọ́.