Ta Ni Yóò Gbóòórùn Imú Tíṣà?

Ẹran kan hù sí mi nínú imú. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, kò ju hóró ẹ̀wà lọ, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ó dí ihò imú mi ọ̀tún pa, mo sì ń hanrun débi pé Kíkẹ́lọmọ, ìyàwó mi, kó lọ sí yàrá àwọn ọmọ. Wọ́n gé e fún mi ní Ìbàdàn. Lọ́jọ́ tí mo ń padà sí Èrúwà, dókítà, ọmọbìnrin kan tí mo lè ti kọ́ ní ilé-ìwé, kìlọ̀ fún mi.

"Bàbá, ẹ má fun imú, ẹ má sì tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ohun tí mò ń bẹ̀rù ni kí ojú egbò yẹn má kẹ̀, torí ibẹ̀ ò jìnnà sí ọpọlọ. Tó bá ti ń rùn, ẹ tètè máa bọ̀. Ẹ̀yin fúnra yín ò ní gbóòórùn ẹ̀ o, imú yín ṣì wú. Ẹ ní kí ẹnìkan nílé máa bá yín gbóòórùn ẹ̀ lójoojúmọ́."

Mo ní mo ti gbọ́, mo sì gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbà mí rò. Èmi, Bámiṣẹ́ Adéníran, igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé girama, tí àwọn ọmọ máa ń sá wọ kíláàsì tí wọ́n bá ti gbúròó bàtà mi, kí n wá máa na imú sí èèyàn láràárọ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń yẹ ẹja wò lọ́jà! Nígbà tí Kíkẹ́lọmọ bi mí ohun tí dókítà sọ, mo ní ó ní kí n sinmi, kí n sì máa jẹ ẹran dáadáa.

Mo sinmi, mo sì jẹ ẹran. Àwọn èèyàn ń wá kí mi. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé kò sẹ́ni tó ń pẹ́. Adéwùmí tó ń kọ́ni ní ìṣirò, tó jẹ́ pé tó bá jókòó sílé ẹni, àfi kí èèyàn máa yán kó tó dìde, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, ó ní òun gbé nǹkan kaná. Ìyá Keturah láti ṣọ́ọ̀ṣì wa gba àdúrà fún mi láti ojú fèrèsé, ó fi gèlè bo imú. Mo rò pé ọ̀nà tuntun tí wọ́n fi ń gbàdúrà nìyẹn.

Nígbà tí Kíkẹ́lọmọ náà bi mí pé kí ló ń rùn nínú ilé wa, mo ronú, mo sì rí ìdáhùn lójú ẹsẹ̀. Láfún ni. Màmá Àyándèjì, aládùúgbò wa, a máa rẹ ẹ̀gẹ́ sínú àgbá lẹ́bàá ògiri wa kó tó lọ sá a sórí àpáta. Kò sí ọmọ Ìbàràpá tí kò mọ bí ẹ̀gẹ́ ṣe ń rùn nínú omi. A kì í sọ ọ́ ni, torí a máa jẹ ẹ́.

Mo lọ bá a. Mo ní, "Màmá, ẹ̀gẹ́ yín ń lé àlejò mi o."

Ó wò mí títí. Ó gbé ọwọ́ bí ẹni fẹ́ bo ojú, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀. "Ẹ má bínú, Tíṣà. N ó gbé e kúrò." Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ọlọ́kadà ti bá a kó ẹ̀gẹ́ náà lọ sí abúlé.

Síbẹ̀, àwọn àlejò ò yéé bo imú. Orí wá ń fọ́ mi, ara mi ń gbóná. Mo lo panadọ́ọ̀lù, mo sì pinnu pé obìnrin yìí ti fi ẹ̀gẹ́ pamọ́ síbì kan. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè! Ní àárọ̀ Sátidé, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, mo ń pariwo, ohùn mi ń ránmú. Àwọn ará àdúgbò pé lé wa lórí. Bí mo bá ti sún mọ́ wọn, wọ́n á sún sẹ́yìn. Inú mi dùn, mo ní ẹ̀rù mi ń bà wọ́n. Ẹ ò rí i pé èmi tí mò ń jà nítorí òórùn, èmi ni mò ń fẹ́ ẹ sí wọn lójú.

Màmá Àyándèjì kàn dojú àwọn àgbá rẹ̀ dé níkọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn gbẹ táútáú.

Ibẹ̀ ni Kíkẹ́lọmọ bá wa nígbà tó dé láti ọjà Lánlátẹ̀. Ó wo àwọn àgbá, ó wò mí. Ó gbé ẹrù kalẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mi mú, ó gbóòórùn imú mi níwájú gbogbo ayé. Ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bì.

"Ẹ ní láfún ni!" ló kígbe. "Bàbá Ọmọ́tárá, ẹ̀yin lẹ̀ ń jẹrà!"

Gbogbo ọ̀rọ̀ dókítà padà sí mi létí lẹ́ẹ̀kan náà, ọpọlọ ló sì kọ́kọ́ dé. Mo jẹ́wọ́ ohun tí dókítà sọ fún wọn. Màmá Àyándèjì ló sáré jáde lọ dá takisí dúró. Òun náà ló jókòó tì mí títí dé Ìbàdàn, ó gbé abọ́ sórí ẹsẹ̀ bóyá mo máa bì. Awakọ̀ yọ orí sójú fèrèsé ní gbogbo ọ̀nà. Màmá ò bo imú rárá.

Dókítà fa ọyún inú imú mi jáde títí ojú fi tì mí. Ó ní kò tíì dé ọpọlọ, ṣùgbọ́n ká ní mo fi falẹ̀ díẹ̀ sí i ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. "Ta ló ń bá yín gbóòórùn ẹ̀?" ló bi mí. Mo ní kò sí.

Nígbà tí wọ́n ti fi omi sí mi lápá, Màmá Àyándèjì wọlé wá dágbére. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó bú sẹ́kún.

"Tíṣà, mo mọ̀. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá bá mi ni mo ti mọ̀. Èmi tí mò ń ṣe láfún láti kékeré, ṣé n ò ní mọ òórùn ẹ̀gẹ́ yàtọ̀ sí ti egbò ni? Mo ní àgbàlagbà ni yín, kí n má dójú tì yín. Ìtìjú yín ni mò ń bò. Mi ò mọ̀ pé òkú yín ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bò."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dénú eegun. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un lórí bẹ́ẹ̀dì, nọ́ọ̀sì bá pariwo pé kí n má dojú bolẹ̀. Màmá fúnra rẹ̀ ló gbé orí mi sókè. Ó nu ojú rẹ̀, ó sún mọ́ mi, ó sì gbóòórùn imú mi, bí ẹni tó ń wò ó bóyá ẹ̀gẹ́ ti rọ̀.

"Ó ṣì ń rùn," ló wí, sókè, tí gbogbo wọ́ọ̀dù gbọ́.

"Ẹ ṣé, Màmá," ni mo wí.