Àkàrà Sùlíyá àti Oògùn Àárọ̀ Mi

Bí ẹ bá rí mi láàárọ̀ kí oògùn tó ṣiṣẹ́ lára mi, ẹ máa rò pé wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mí mọ́ bẹ́ẹ̀dì ni. Ọwọ́ ọ̀tún á máa gbọ̀n bíi ti ẹni tó ń ku èlùbọ́. Ìdí mi tí mo fi ń yangàn nígbà tí mo wà lọ́mọge á wá wúwo bí àpò sìmẹ́ǹtì. Dókítà ní Pákínsìn ni wọ́n ń pe àìsàn náà. Mo ní orúkọ yẹn ti dára jù, ó yẹ kí wọ́n fi sọ ọmọ olówó. Dókítà rẹ́rìn-ín, ó kọ oògùn fún mi.

Yàrá méjì ni mo ń gbé lẹ́yìn Dọ̀pẹ̀mú, èmi nìkan. Bàbá àwọn ọmọ mi ti lọ sọ́run. Olúwarótìmí ọmọ mi wà ní Port Harcourt. Stella, àbúrò rẹ̀, ń ṣiṣẹ́ ní báńkì kan ní Òpèbí. Òpèbí kò jìnnà sí wa, ṣùgbọ́n ọmọ tó ń jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, tó ń wọlé nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú, ìgbà wo ló fẹ́ yà? Kì í jẹ́ kí oògùn mi tán o. Á rà á, á fi rán àwọn tó ń fi máṣìnnì gbé ẹrù kiri. Àwọn yẹn kì í wọlé. Kí n tó ṣe àdúrà dé àmín, èéfín máṣìnnì nìkan ló kù lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹnì kan ṣoṣo tó ń wọlé tọ̀ mí ni Sùlíyá. Àgbàlá kan náà la jọ ń gbé, ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tèmi. Òru ló ń ṣiṣẹ́, ní ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀rá tí a fi ń di ọjà lápá Ìkẹjà. Bó bá ń bọ̀ láàárọ̀, á ra àkàrà gbígbóná, á kan ilẹ̀kùn mi gbàgbàgbà.

“Màmá, ṣé ẹ ti jí, àbí ẹ ṣì ń lálàá ọkọ?”

“Mo ti jí! Ìdí mi nìkan ló ṣì ń sùn. Wá bá mi jí i!”

Á gbé mi dìde, á tú àkàrà síwájú mi, á mú páálí oògùn dání bí olùkọ́ tó mú pàṣán.

“Ẹ jẹun ná. Oògùn tó le tó báyìí, ẹ ò lè lò ó lórí òfo.”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa. Ibà ni o, orí fífọ́ ni o, jẹun kí o tó gbé oògùn mì. A ó jọ jẹ àkàrà, màá gbé oògùn mì, Sùlíyá á máa ròyìn ibi iṣẹ́ fún mi, bí Sànní ọ̀gá wọn ṣe ń sùn lórí ìdúró, tó sì ní òun ń gbàdúrà ni. A ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ á fi gbé mi. Lẹ́yìn náà á lọ sùn. Bí ó bá ti jáde báyìí, ọjọ́ tèmi ti parí, bí oòrùn ò tilẹ̀ tíì yọ tán.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé oògùn àárọ̀ yẹn kì í ṣiṣẹ́. Ti ìrọ̀lẹ́, tí mo ń lò kí n tó mu ògì, á yanjú ara mi dáadáa. Ti àárọ̀, bíi pé mo gbé ṣọ́ọ̀kì mì.

Ọjọ́ Ìsinmi kan ni àṣírí tú. Ìjọ aláṣọ funfun ni mò ń lọ, a kì í wọ bàtà, a sì máa ń jó lọ fi ọrẹ sílẹ̀. Mo jó dé àárín méjì, ẹsẹ̀ mi kọ̀. Ó lẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò síwájú, kò sẹ́yìn. Ẹnì kan pariwo pé, “Ẹ̀mí ti bà lé Màmá!” Ni wọ́n bá yí mi ká, agogo ń dún létí mi, wọ́n ń wọ́n omi sí mi lórí. Wòlíì obìnrin wa gbé etí sún mọ́ ẹnu mi.

“Màmá, kí ni Ẹ̀mí wí?”

“Ẹ̀mí ní ìtọ̀ ń gbọ̀n mí!”

Kí wọ́n tó gbé mi dé ilé ìtọ̀, ó ti bọ́. Mo rẹ́rìn-ín ju gbogbo wọn lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, tí mo jókòó ti bàsíà tí mo ń fọ sùtánà funfun mi, n kò rí ẹni tí màá bá rẹ́rìn-ín.

Ìyẹn ló gbé mi dé ọsíbítù. Oyinadé, apoògùn tó wà níbẹ̀, béèrè ohun tí mo ń jẹ kí n tó lo oògùn.

“Àkàrà.”

“Lójoojúmọ́?”

“Àyàfi ọjọ́ tí Sùlíyá ò bá lọ síbi iṣẹ́.”

Ó fọwọ́ lẹ́rán. “Màmá, ẹ̀wà, ẹran, ẹja, ẹyin àti mílíìkì, ọ̀nà kan náà ni àwọn àti oògùn yín ń gbà wọnú ẹ̀jẹ̀. Bí àkàrà bá ti ṣáájú, ó ti dí ọ̀nà. Bí ẹ bá ti jí, ẹ fi omi gbé oògùn mì, ẹ ní sùúrù tó ìdajì wákàtí kí ẹ tó jẹun. Bí èébì bá fẹ́ gbé yín, ẹ fi ògì díẹ̀ tì í, ẹ má fi mílíìkì sí i. Ẹ má pa ẹ̀wà tì o, ara yín nílò rẹ̀. Ẹ kàn gbé e sí alẹ́. Bí ẹ bá ń dìde, ẹ máa rọra. Ẹ má sì dá oògùn dúró fúnra yín, bó ti wù kó sú yín tó.”

Mo dúpẹ́. Inú mi ò sì dùn. Bí n kò bá jẹ àkàrà mọ́, kí ló máa mú Sùlíyá wọlé?

Nígbà tó kan ilẹ̀kùn lọ́jọ́ kejì, mo jẹ ẹ́. Mo jẹ ẹ́ lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e pẹ̀lú. Arúgbó wọ̀bìà, mo mọ ohun tí mo ń ṣe, mo sì ń lá ọwọ́.

Àfi àárọ̀ ọjọ́ kan tí Sùlíyá ti lọ sùn. Mo gbé omi kaná, mo fẹ́ yí padà, ẹsẹ̀ mi tún lẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí iná. Etí ìró mi ti ń kan gáàsì. Mo pe Sùlíyá títí ohùn mi fi há. Ta ló fẹ́ gbọ́? Ẹni tó ṣiṣẹ́ mọ́jú ti sùn bí òkúta. Mo fi ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn tú ìró sílẹ̀, mo wà níhòòhò gedegbe níbẹ̀ títí ẹsẹ̀ fi gbà. Ẹni tó bá rí mi á ní mo ń dúró de ọkọ.

Bí Sùlíyá ṣe kan ilẹ̀kùn láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo sọ ohun tí apoògùn wí fún un.

Ó gbé àkàrà sílẹ̀. “Ṣé èmi ni mo wá ń ba oògùn yín jẹ́ látọjọ́ yìí, Màmá?”

“Ìwọ kọ́. Àwa méjèèjì ò mọ̀.”

“Ìgbà wo lẹ wá mọ̀?”

Mo sọ ìgbà tí mo mọ̀.

“Ẹ mọ̀, ẹ sì ń jẹ ẹ́? Kí ló dé tí ẹ ò sọ?”

Ó pọ́n àkàrà padà, ó jáde.

Kò kan ilẹ̀kùn mọ́. Mo ń fi omi lo oògùn mi, mo ń dúró kí n tó jẹun, ara mi sì yá bí ara ọ̀dọ́. Mo gbá yàrá. Mo tún un gbá. Mo jó díẹ̀ níwájú díńgí, mo wẹ̀yìn, kò sẹ́nì kankan. Màá gbọ́ ẹsẹ̀ Sùlíyá nínú àgbàlá, “Ẹ káàárọ̀, Màmá,” kọ́kọ́rọ́ á dún, ó parí.

Nígbà tí n kò lè fara dà á mọ́, mo lo oògùn, mo dúró kó ṣiṣẹ́, mo wọ bàtà, mo rọra rìn lọ sídìí alákàrà lójú títì. Sùlíyá wà níbẹ̀ láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

“Màmá! Ta ló gbé yín wá?”

“Ẹsẹ̀ mi ni. Kí ló dé tí o ò wá mọ́? Ṣé inú ń bí ọ ni?”

Ó wolẹ̀. “Inú ò bí mi. Kí ni màá mú dání? Ṣé ọwọ́ òfo ni màá fi máa wọlé tọ àgbà?”

“Mú ọwọ́ òfo bọ̀. Jẹ àkàrà rẹ níbí, kí o wá jókòó tì mí.”

“Màmá, ó máa ń rẹ̀ mí o. Àkàrà tí mo máa ń bá yín jẹ yẹn ni kì í jẹ́ kí n sùn lọ.”

“Wá ná.”

Ó wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo ti gbé oògùn mì. Ó jókòó sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáàsì, ó ní, “Màmá, ẹ sọ̀rọ̀, mò ń gbọ́.” N kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kejì tí orí rẹ̀ fi ṣubú sórí èjìká, híjáàbù bò ó lójú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun.

Ìdajì wákàtí pé. Ebi ń pa mí, ìkòkò ògì sì wà lẹ́yìn àga rẹ̀ gan-an. Bí mo bá ṣí i, ariwo ọmọrí rẹ̀ á jí i, á ní òun ń lọ sùn sílé.

Mo fi ògì sílẹ̀, mo jókòó, mò ń wò ó.