Ó Ṣojú Mi

Ní kóòtù kékeré tí Akọ̀wé ti fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ̀wé kó tó fẹ̀yìn tì, ẹlẹ́rìí kan kì í la ẹnu láìkọ́kọ́ wí pé, "Ó ṣojú mi." Àwọn àgbà ló fi ọ̀rọ̀ náà lélẹ̀ nígbà tí kò tíì sí ìwé ìbúra: ẹni tí ọ̀rọ̀ bá ṣojú rẹ̀ a dìde, ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu aládùúgbò a gba ilé lọ jẹun. Àwọn lọ́yà kó gbólóhùn tó gùn bí ọ̀nà oko dé, Akọ̀wé ní kí wọ́n gbé e padà. Ó ti fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn lé àlùfáà tí ọ̀rọ̀ kò ṣojú rẹ̀ jáde rí.

Títí ẹjọ́ fi wá kan òun náà.

Ìyàwó rẹ̀ ti kú láti oṣù mẹ́ta. Àbúrò olóògbé lóbìnrin ní ẹ̀gbọ́n òun fún òun ní maṣíìnì tó fi ń ránṣọ, lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Akọ̀wé ní irọ́ ni: òun di ọwọ́ ìyàwó òun mú títí ẹ̀mí fi bọ́, kò sì fẹnu kan maṣíìnì. Bí maṣíìnì yẹn bá lọ, ilé á dákẹ́ tán.

Alága kóòtù, tó máa ń sùn títí ẹjọ́ á fi dé ìdajì, jí lọ́jọ́ náà.

"Bàbá Akọ̀wé, ẹ mọ ọ̀rọ̀ tá à ń sọ."

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Ẹ tètè sọ ọ́, ebi ń pa mí."

Akọ̀wé di igi ibi ìjẹ́rìí mú. Ọ̀sán tí ìyàwó rẹ̀ kú, ìsàlẹ̀ ọsibítù ló wà, ó ń bá ọlọ́dẹ géètì jiyàn lórí àṣìkọ kan nínú ìwé àlejò. Nígbà tó fi gòkè padà, wọ́n ti faṣọ bò ó lójú.

"Kò ṣojú mi," ó ní. "N ò sí níbẹ̀."

Alága ní kí maṣíìnì di ti àbúrò olóògbé.

Níta, obìnrin náà sáré bá a. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ òdodo. Ẹ ti fi ọwọ́ tẹ́ ẹ ò dì mú yẹn gba ìbánikẹ́dùn tó!"

"Kí ni ẹ̀gbọ́n rẹ sọ gan-an?"

"Ó ní kí n gbé e, torí tó bá ku ẹ̀yin nìkan nílé, ìwé ìròyìn lẹ ó máa tò lé e lórí."

Akọ̀wé fẹ́ bínú. Ó rántí òkìtì tó fi sílẹ̀ láàárọ̀.

"Ẹnu ìyàwó mi yẹn!" ó ní. "Ọ̀la ni kó o wá gbé e. Jẹ́ kí n kó ẹrù orí rẹ̀ kúrò ná."