Òkè Tí Ọkọ̀ Ìyàwó Mi Kò Lè Gùn

Ìwọ tó ń ka èyí, gbọ́ tèmi. Bí ìyàwó rẹ àti àbúrò rẹ̀ bá ń gbìmọ̀ láti fi agbára kún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, má jókòó tì wọ́n. Wá nǹkan mìíràn ṣe. Èmi jókòó, ojú mi sì rí i.

Bàtà ni mò ń rán. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó wà lára mi tó ti èèyàn mẹ́wàá. Mo máa ń wo ọ̀tún, wo òsì, kí n tó kọjá títì tí kò sí ọkọ̀ kankan lórí rẹ̀. Ìyàwó mi ní tirẹ̀ kò mọ ohun tó ń jẹ́ ẹ̀rù. Ọkọ̀ búrẹ́dì ló ń wà láti Mọ́ńdè títí di Fúráìdè, jẹ́jẹ́, kí búrẹ́dì má baà rún. Tó bá wá di Sátidé, á ká aṣọ kúrò lórí ọkọ̀ tirẹ̀, ọkọ̀ pupa kékeré onílẹ̀kùn méjì, a ó sì gba ọ̀nà ilé ìyá rẹ̀ lọ.

Òkè kan wà lọ́nà ibẹ̀. Ó ga, ọ̀nà rẹ̀ sì lọ́ bí ejò. Tá a bá ti dé ẹsẹ̀ rẹ̀, ìyàwó mi á ní, "Bàbá wa, kò ní lè gbé àwa méjèèjì o." Mà á fajú ro díẹ̀, nítorí ojú ayé, mà á sì sọ̀kalẹ̀. Mà á máa fẹsẹ̀ rìn gòkè, mà á máa súfèé bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ látìmọ́lé. Á dúró dè mí lókè. Ibi tí ayé mi ti ń dùn jù lọ́sẹ̀ nìyẹn, ibẹ̀ ni wọ́n sì fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi.

Mẹkáníìkì ni àbúrò rẹ̀, Sípánà ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ó fi ṣọ́ọ̀kì ya ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, èmi àti ìyàwó mi jókòó sórí táyà, à ń wò ó.

"A máa sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀," ó ní. "A máa gbẹ́ inú blọ́ọ̀kù kó fẹ̀ sí i, ká fi písítìnnì tó sanra sí i. Kabúrétọ̀ kan ò ní lè fún un lépo tó mọ́. Méjì la máa gbé lé e."

"Sàlẹ́ńsà tí èéfín ń gbà jáde ńkọ́?" ìyàwó mi bi í.

"Ìyẹn náà máa fẹ̀. Ẹ fún un lóúnjẹ púpọ̀, ẹ ò wá ní jẹ́ kó mí?" Ó yíjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, inú yín ló yẹ kó dùn jù. Tá a bá parí ẹ̀, ẹ ò tún sọ̀ lẹ́sẹ̀ òkè mọ́ láyé. Pẹ̀sẹ̀ lẹ máa jókòó."

Mo ní, "Ṣé... ṣé kì í ṣe táyà ni? Ká kọ́kọ́ pààrọ̀ táyà."

"Táyà ò lẹ́bi."

"Ọ̀dà ńkọ́? Ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí."

"Ẹ gbọ́ o, Àǹtí. Ọkọ yín fẹ́ kun àtíkè fún aláìsàn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, torí ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í fẹ́ dá yàtọ̀.

Sípánà dìde. "Kí n tó tú nọ́ọ̀tì kan, mo gbọ́dọ̀ rí bí ọkọ̀ yìí ṣe ń kú lórí òkè yẹn."

"Kò pọn dandan," ìyàwó mi sọ. Ó tètè dáhùn jù. Mo wò ó. Díńgí ọkọ̀ tó ti mọ́ ló tún ń nù. "Mo ti sọ fún ẹ pé kò lè gùn ún."

"Ìdí tí mo fi fẹ́ wò ó nìyẹn, Àǹtí mi."

Sípánà wọ ẹ̀yìn, èmi wà níwájú. Nígbà tá a dé ẹsẹ̀ òkè, ìyàwó mi dẹ ẹsẹ̀, ó wò mí. "Bàbá wa, ẹ lè sọ̀ o."

"Kẹ́nikẹ́ni má sọ̀," Sípánà sọ látẹ̀yìn.

Ìyàwó mi fi í sí jíà kejì, ó tẹ̀ ẹ́. Mo pajú dé. Mo di apá aṣọ rẹ̀ mú, mò ń pe Ọlọ́run, mò ń pe ìyá mi tó ti kú. Ọkọ̀ ń gùn. Kò húkọ́, kò ṣàárẹ̀, bí ewúrẹ́ tó rí ewé lórí ògiri ló ṣe gùn ún. Nígbà tí mo lajú, a ti dé orí òkè, bọ́tìnnì apá aṣọ ìyàwó mi sì wà lọ́wọ́ mi.

Sípánà sọ̀, ó gbọ́wọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. "Àǹtí, èèyàn mẹ́ta ló gbé yìí. Kò tiẹ̀ làágùn. Ta ló wá ní kò lè gbé méjì?"

Mo wo ojú ìyàwó mi, ó gbójú kúrò. Ìgbà yẹn ló yé mi. Kò fìgbà kan rẹ ọkọ̀ náà. Tèmi ló ń rò. Ó mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà mí, kò sì fẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́.

"Kò sí ìdí tá a fi máa tú ẹ́ńjìnnì nígbà náà," Sípánà ní.

Ìyàwó mi fọwọ́ pa ara ọkọ̀ náà bí ẹni ń dágbére fún ẹ́ńjìnnì alágbára. Ǹ bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀.

"Tú u," ni mo sọ.

"Ẹ̀gbọ́n?"

"Gbẹ́ blọ́ọ̀kù, gbé kabúrétọ̀ méjèèjì lé e. Ó wù ú. Ìyẹn ò tó ìdí?" Mo yí bọ́tìnnì náà lọ́wọ́ mi, mo parí ẹ̀. "Èmi... mà á ṣì máa sọ̀ lẹ́sẹ̀ òkè. Ẹ̀rù ló ń bà mí."

Sípánà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí koríko. "Àǹtí, ẹ mọ̀, ẹ wá ń parọ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì aláìṣẹ̀? Látìgbà wo?"

Ìyàwó mi gba bọ́tìnnì rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó jù ú sápò, ó ṣílẹ̀kùn fún mi. Ojú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó pa ẹnu mọ́.

"Àǹtí, mo ní látìgbà wo?"

"Sípánà, wọlé," ó ní. "Mi ò ní sọ nǹkan kan mọ́."