Ẹ́kò Adékọ́lá

Ọdún kẹsàn-án rèé tí Láolú ti ń sọ ọ́ fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ pé Adékọ́lá, ọ̀rẹ́ òun, ló fi gìtá lé òun kúrò lórí ìtàgé.

Ẹni tí kò mọ àwọn méjèèjì lè pe ìyẹn ní àsọdùn. Ogójì ọdún ni wọ́n fi jọ ta gìtá káàkiri Benin, orí gìtá náà ni wọ́n sì ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀: mí fún ohùn òkè, re fún ohùn àárín, dò fún ti ìsàlẹ̀, bí olùkọ́ ṣe kọ́ wọn ní kékeré. Wọn á bú olóde tí kò gbọ́ Yorùbá lójú ara rẹ̀, onítọ̀hún á sì máa jó sí i.

Ẹ́kò ló dá ìjà sílẹ̀. Adékọ́lá fẹ́ràn kí ampilifáyà máa da ohùn tó bá kẹ́yìn padà lẹ́ẹ̀kejì. Láolú ní ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò dá ṣáṣá ló ń fi ẹ́kò bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dàrú lóde kan ní Ogbe. Láolú tú wáyà gìtá rẹ̀, ó kẹ́yìn sí wọn. Gìtá Adékọ́lá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀: mí re re. Máa lọ.

Láolú náà lọ. Kò tíì dé Ring Road tí Adékọ́lá fi ṣubú lé gìtá rẹ̀, àìsàn ọkàn sì gbé e lọ. Láolú kò yọjú síbi ìsìnkú. Ó ní ẹni tí wọ́n bá lé kì í padà wá jókòó.

Àfi lọ́sàn-án Sátidé yìí tí Ṣùbòmí, ọmọ Adékọ́lá tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, pè é wá sílé wọn ní Uwasota.

"Uncle, abeg carry Daddy amplifier. We dey pack out, and that thing no gree keep quiet."

Yàrá ẹ̀yìn ni ẹ̀rọ náà wà, eruku ti bò ó. Láolú kò tíì wọlé tán tó fi gbọ́ ohùn gìtá tó mọ̀ ju ohùn aya rẹ̀ lọ: mí re re.

Ó dùn ún wọra pé òkú pàápàá kò fẹ́ rí òun. Ó yíjú sí ilẹ̀kùn, ó tún dún. Ìkórìíra àtijọ́ ló mú ojú rẹ̀ lọ sí bọ́tìnì ẹ́kò: wọ́n yí i dé góńgó. Adékọ́lá ni yẹn ṣáá. Láolú bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yí i padà sí òdo.

Ẹ̀rọ náà dún. Mí re.

Ó dúró. Ó tún dún, láìsí ìrù: mí re. Má lọ.

Omi lé sí Láolú lójú. Re kejì ọjọ́sí, ẹ́kò ló ni ín, kì í ṣe Adékọ́lá. Àyà ń dun ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ń bẹ̀ ẹ́, òun sì ń lọ.

"Ṣùbòmí, ìgbà wo lẹ ti tan nǹkan yìí sílẹ̀?"

"Tan kẹ̀? Uncle, I never plug am since Daddy die. See the wire."

Wọ́n ká wáyà náà sórí ẹ̀rọ lóòótọ́, wọ́n fi rọ́bà dè é.

"You dey carry am go?"

"Bá mi gbé àga wá ná," Láolú wí. "Ó ní kí n má lọ."

Ó jókòó títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé. Ẹ̀rọ náà kò sọ nǹkan kan mọ́. Àmọ́ ìgbàkígbà tó bá fẹ́ dìde, iná pupa kékeré iwájú rẹ̀ á tàn.