Kẹ́ẹ̀gì Ẹ̀yìn Ọkọ̀

Ìjọba ni bàbá rẹ̀ ń pè é. Kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ o. Láti ọjọ́ tí ọmọbìnrin náà ti ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ oògùn ni ẹ̀fẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀: bí iná bá lọ, baba á ní Ìjọba, ẹ ṣàánú wa, bí ọbẹ̀ bá tẹ́, Ìjọba náà ni yóò dáhùn. Dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ akẹ́rù tó ti fẹ̀yìn tì ni baba. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni kò tíì fẹ̀yìn tì.

Lọ́dún yẹn, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọ́n bí ojú. Ṣé ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tẹ́lẹ̀: apòògùn á ní èyí tí dókítà kọ ti tán, ẹ padà lọ bá dókítà. Aláìsàn á lọ tò, á tò títí á fi sú u, á gba ilé lọ. Ibẹ̀ ni ìyá kan ládùúgbò ti rọ lápá, tó rọ lẹ́sẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìyá yìí ló ká Ìjọba lára tó fi jà fún òfin tuntun, pé bí oògùn kan bá tán, kí apòògùn lè fúnni ní òmíràn tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ọ̀gá rẹ̀ kọ́kọ́ lọ́ra. Ó ní kí wọ́n dán an wò ná, ṣùgbọ́n bí aburú kan bá tibẹ̀ yọ, àwọn á dà á nù bí omi ìṣanwọ́.

Baba wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba oògùn tuntun. Inú ọmọ dùn débi pé ó ń kọrin nídìí ààrò.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìsinmi kan, baba dìde pé kóun ṣílẹ̀kùn, ló bá ṣubú gbì. Nílé ìwòsàn, dókítà ní ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti wálẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ, ó wá bi í ní ohun tó lò. Baba ò fi bò: ti àtijọ́ àti ti tuntun lòun ń lò pọ̀. Orúkọ wọn ò jọra, àwọ̀ wọn ò jọra, ta ló máa sọ pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe? Ti àtijọ́ sì rèé, òun ti rà á pamọ́ nígbà tí rédíò ń pariwo ọ̀wọ́n.

“Dẹ́rẹ́bà tí ò ní kẹ́ẹ̀gì epo lẹ́yìn ọkọ̀,” ó ní, “ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn wálé.”

Ìjọba sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bóun bá sọ fún ọ̀gá, òfin kú nìyẹn. Bóun bá dákẹ́, baba ẹlòmíràn á ṣubú, ó sì lè má dìde mọ́. Irú ọ̀ràn wo tiẹ̀ nìyí!

Ó sọ ọ́. Ọ̀gá rẹ̀ mi orí, ó ní ohun tóun wí náà nìyẹn, kí wọ́n fagi lé e. Ìjọba ò jókòó.

“Bàbá mi ló ṣubú, sà,” ó ní. “Síbẹ̀, bí a bá fagi lé e, àwọn tí ò rí ẹyọ kan lò ni yóò máa ṣubú. Àwa la ò sọ fún baba pé tuntun ti gba ipò àtijọ́. Ìjọba ló sì yẹ kó ní kẹ́ẹ̀gì lẹ́yìn ọkọ̀, kì í ṣe arúgbó.”

 Ọ̀gá pẹ̀lú ní ìyá nílé. Ó ní ó dáa, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgò kọ̀ọ̀kan pé èyí rọ́pò ti tẹ́lẹ̀, kí apòògùn fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, kó sì gba ti àtijọ́ tó bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ aláìsàn. Ó tún ní kí wọ́n wá yàrá tí wọn á máa kó oògùn pamọ́ sí kí ọ̀wọ́n tó dé.

Nígbà tí ara baba yá, òun àti ọmọ rẹ̀ jọ lọ sọ́dọ̀ apòògùn. Apòògùn náà lẹ bébà pupa mọ́ ìgò, ó kà á sókè, ó sì bi baba bóyá ti àtijọ́ ṣì kù. Baba ní rárá o. Ó gba tirẹ̀, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Ó ti ọwọ́ bọ àpò inú, ó fa ìgò kan yọ tí wọn ò tíì ṣí rí. Kò gbé e fún apòògùn. Ọmọ rẹ̀ ló nà án sí.

“Ìjọba,” ó ní, kò sì rẹ́rìn-ín, “kẹ́ẹ̀gì mi nìyí. Mo gbé e lé yín lọ́wọ́. Ẹ má jẹ́ kí n fẹsẹ̀ rìn wálé o.”

Ọwọ́ méjèèjì ni Ìjọba fi gbà á.